Ọ̀rọ̀ Kékeré Kan Nínú Ìwé Ìrìnnà Wa

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀ wa lónìí, mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí ẹ ń kó àwọn ìwé pàtàkì yín pamọ́ sí. Bí ẹ bá ti lọ sí Mẹ́kà rí, tàbí tí ẹ ti lọ bẹ ọmọ yín wò lókè òkun, tàbí tí ẹ kàn gba ìwé ìrìnnà kalẹ̀ de ọjọ́ tí Ọlọ́hun yóò ṣí ọ̀nà, ẹ mú ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní pásípọ́ọ̀tù náà jáde. Ẹ má wo ojú ewé tí àwòrán yín wà; a ti wo ìyẹn títí ó ti sú wa. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí a tẹ̀ sínú rẹ̀ ní orúkọ Ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbé ìwé náà kọjá lójú àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjì tàbí mẹ́ta láìka ìlà yẹn rí.

Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé Ààrẹ ń bẹ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, ó sì ń fi àṣẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, pé kí wọ́n gba ẹni tí ó ni ìwé náà láàyè láti kọjá fàlàlà "without let or hindrance", kí wọ́n sì ṣe gbogbo ìrànlọ́wọ́ àti ààbò tí ó bá nílò fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí mo fi sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni kí a dúró lé lórí, pàápàá èkejì nínú wọn. Ta ni kò mọ "let"? Ọmọ kíláàsì kejì ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé "let me go" ni "jẹ́ kí n lọ". Bí ó bá jẹ́ pé "let" yẹn náà ni èyí, a jẹ́ pé ohun tí Ààrẹ wa ń sọ fún aṣọ́bodè ilẹ̀ àjèjì ni pé kí ó jẹ́ kí a kọjá láìjẹ́ kí a kọjá. Ọ̀rọ̀ kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Kò sì rí bẹ́ẹ̀. "Let" inú ìwé ìrìnnà kì í ṣe "let" tí a kọ́ ní ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni, àgbà ọ̀rọ̀ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìdènà tàbí ìdádúró. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti kú lẹ́nu àwọn tí wọ́n ni ín. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í lò ó mọ́ lọ́jà tàbí nínú ilé, bí ẹ bá sì sọ ọ́ sí ọ̀dọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, yóò gbọ́ òdìkejì ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Orí ìwé àwọn agbẹjọ́rò àti ti ìjọba nìkan ni ó kù sí, àti ibì kan mìíràn tí yóò ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu bí a bá dé ibẹ̀.

Ẹ lè ní, kí ni ti èmi olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn nínú èyí? Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni ó fà á. Ní ìlú kan ní Òkè Ọya níbí, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá kan fẹ́ gba ilẹ̀ ọlọ́dún gbọọrọ láti kọ́ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi fún àwọn ọmọ wọn. Onílẹ̀ fẹ́, àwọn náà fẹ́, wọ́n ti jọ dúnàádúrà, owó sì ti wà nílẹ̀. Agbẹjọ́rò onílẹ̀ kọ ìwé àdéhùn wá, ojú ewé mẹ́sàn-án. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó láti kà á, wọ́n kan ibì kan tí a kọ ọ́ sí pé àwọn tí ó gba ilẹ̀ yóò máa lò ó "without any let or hindrance" láti ọ̀dọ̀ onílẹ̀ tàbí àwọn àrólé rẹ̀. Akọ̀wé wọn, tí ó kàwé jáde ní yunifásítì, ní kí wọ́n dúró. Ó ní "let" ni ìyọ̀ǹda. Ó ní ohun tí onílẹ̀ ń fi ọgbọ́n sọ ni pé òun kò yọ̀ǹda ohunkóhun, kí ó lè di pé lọ́jọ́ tí ó bá wù ú, yóò ní wọ́n ń lo ilẹ̀ òun láìgba àṣẹ. Ẹlòmíràn ní rárá o, "let" tí wọ́n máa ń kọ sára ògiri ilé pé "TO LET" ni, àti pé bí ìwé bá ti ní kò sí "let", owó ọdọọdún kò sí nìyẹn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọ̀kan ní wọ́n fẹ́ fi jí wa ní ilẹ̀ gbà, èkejì ní wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ta wá lọ́rẹ!

Ọ̀rọ̀ di fà-á-ká-ja-á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìwé náà fi wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé bóyá àwọn ènìyàn yìí kò lówó lọ́wọ́ ni, ẹlòmíràn sì ti ń wá ilẹ̀ náà bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn àgbà méjì gbé ìwé náà wá bá mi lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́. Wọ́n ní, "Ùsítáàsì, ẹ̀yin ni ẹ máa ń jókòó ti ìwé. Ẹ bá wa wo ibí yìí, kí a lè mọ èwo ni ṣíṣe." Mo kà á, mo sì sọ fún wọn pé ìlà tí wọ́n fẹ́ kí agbẹjọ́rò pa rẹ́ yẹn wà lára àwọn ìlà tí ó gbèjà wọn jù lọ nínú ojú ewé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Onílẹ̀ ni ó ń ṣe ìlérí níbẹ̀ pé òun kò ní dí wọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ òun kò sì ní dí wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn òun. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, a jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣí òrùlé kúrò lórí ara wọn. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè gbé irú ẹrù méjì bẹ́ẹ̀. Kí àwọn Norman tó ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú èdè àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n ní "lætan", tí wọ́n máa ń fa fáwẹ̀lì rẹ̀ gùn; ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀, tàbí kí a fi nǹkan sílẹ̀. Wọ́n tún ní "lettan", tí fáwẹ̀lì tirẹ̀ kúrú, tí ahọ́n sì ń tẹ "t" inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni kí a dá ènìyàn dúró, kí a dènà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ṣi ọ̀kan gbọ́ sí èkejì nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá kò ṣe lè ṣi ọkọ̀ tí a ń wọ̀ gbọ́ sí ọkọ́ tí a fi ń roko. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti ń gorí ara wọn, èdè ń yí padà. Fáwẹ̀lì gígùn di kúkúrú, ìparí ọ̀rọ̀ já sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì di "let", ìró kan, sípẹ́lì kan. Àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọn kò fi àmì ohùn sí mọ bí ó ti ń rí: a ó dúró, a ó tún ìlà kà, a ó máa wò ó bóyá ọkọ ni ó wí ni tàbí ọkọ̀. Ohun tí a ń rí lórí ìwé nìkan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí lẹ́nu ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù ni gbòǹgbò rẹ̀. "Lettan" jáde láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó lọ́ra, tí kò yára. Inú ọ̀rọ̀ náà ni "late" ti wá, èyí tí olùkọ́ máa ń kọ sínú ìwé orúkọ níwájú ọmọ tí ó pẹ́ dé. Inú rẹ̀ náà ni "last" ti wá, ìyẹn ẹni tí ó pẹ́ ju gbogbo ènìyàn lọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá "let" yín láyé àtijọ́, ohun tí ó ṣe ni pé ó mú kí ẹ pẹ́. Ó dá yín dúró lójú ọ̀nà. "Hindrance" tí ó tẹ̀ lé e ní ìtàn tirẹ̀. Ará "behind" ni, ẹ̀yìn ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ni a fà sẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé àwa náà ní ọ̀rọ̀ tí a mọ lọ́nà kan náà, tí a gbé ka orí ẹ̀yìn bí tiwọn: ìfàsẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi túmọ̀ ìlà yẹn fún àwọn àgbà méjì náà pé "láìsí ìdádúró, láìsí ìfàsẹ́yìn". Mo rò pé Yorùbá yìí sún mọ́ ohun tí àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ ní lọ́kàn ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì òde òní yóò rò lọ.

Àwọn onímọ̀ èdè tún sọ pé bí a bá wa ilẹ̀ jìn sí i, inú gbòǹgbò àtijọ́ kan ṣoṣo ni "let" méjèèjì ti jáde, gbòǹgbò tí ó jẹ mọ́ kí nǹkan dẹ̀. Ẹ fi ewúrẹ́ àti okùn rò ó. Bí ẹ bá dẹ okùn, ẹ ti jẹ́ kí ewúrẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ara ewúrẹ́ náà ni ó dẹ̀, kò ní lè rìn dáadáa, yóò sì dá gbogbo agbo dúró. Láti ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ti pín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó ṣì wà láàyè, kí ó lọ sínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Shakespeare lò ó nínú eré "Hamlet", tí ó kọ ní nǹkan bí 1600. Ọmọ ọba ilẹ̀ Denmark rí iwin bàbá rẹ̀ lóru, iwin náà sì ṣẹ́wọ́ sí i pé kí ó máa bọ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n dì í mú pé kò gbọdọ̀ lọ. Inú bí i, ó lérí pé òun yóò pa ẹnikẹ́ni tí ó bá "let" òun. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tí ó bá ka ibẹ̀ láìsí ìtọ́ni yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ènìyàn yóò fi pa ẹni tí ó gbà á láàyè.

Bíbélì tí Ọba James Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí wọ́n túmọ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1611, lò ó ní ibi mélòó kan. Èyí tí yóò yé àwa Mùsùlùmí kíákíá jù wà nínú ìtàn Ànábì Mùsá. Nínú orí karùn-ún ìwé Ẹ́kísódù, Fir'aona bá Mùsá àti Hárúnà wí lórí àwọn ènìyàn wọn tí ń ṣe iṣẹ́ ẹrú ní Íjíbítì. "Let" ni àwọn atúmọ̀ fi sí i lẹ́nu. Ẹni tí ó bá fi ojú òní kà á lè rò pé Fir'aona ń bínú pé wọ́n gba àwọn ènìyàn láàyè. Ẹ̀sùn tí ó fi kàn wọ́n nínú ìtumọ̀ náà ni pé wọ́n ń dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tẹ àtúnṣe ìtumọ̀ náà jáde lódindi ní 1952, wọ́n kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé "let" wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn ti yí padà débi pé wọ́n ń ṣi òǹkàwé lọ́nà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí ó yé ènìyàn rọ́pò rẹ̀.

Ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò lè pẹ́ láyé. Ìdààmú ni fún èdè bí ọ̀rọ̀ àti òdìkejì rẹ̀ bá ní ìró kan náà. Bí olówó bá sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé kí ó "let" àlejò tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé kí ó ṣí ilẹ̀kùn ni àbí kí ó tì í? Ọ̀kan ní láti yẹ̀ fún èkejì. Èyí tí ó jẹ́ ìyọ̀ǹda ni ó borí, èkejì sì fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọ̀rọ̀ inú ìwé. Inú ìyọ̀ǹda yìí náà ni ti àkọlé "TO LET" ti jáde: onílé ń yọ̀ǹda ilé rẹ̀ fún ẹni tí yóò san owó. Àwọn ọmọ aláìgbọràn máa ń fi lẹ́tà "i" kan há àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kí àkọlé náà lè di ilé ìyàgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tẹ̀ lé wọn.

Mo ní ibì kan mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ náà kù sí. Orí pápá ìṣeré ni. Ní orí tábìlì tẹníìsì tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, bí ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ eré bá gbá bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù náà fara kan àwọ̀n kí ó tó bọ́ síbi tí ó yẹ, ẹnikẹ́ni kò ní jẹ àmì. Adájọ́ yóò ní "let", wọn yóò sì tún un gbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹníìsì orí pápá ń ṣe. Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní "net" ni, pé àwọn ni kò gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn tí ó pọ̀ jù ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "jẹ́ kí ó tún un gbá". Ìdáhùn wọn bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n "let" ti àtijọ́ náà ni: nǹkan kan ti dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Eré tí ó fi èyí hàn gbangba jù ni squash, tí ẹni méjì ń gbá mọ́ ògiri kan náà nínú yàrá kan. Bí ara ẹnìkan bá dènà ẹnì kejì rẹ̀ tí kò fi lè gbá bọ́ọ̀lù, "let" ni ẹni tí a dènà yóò béèrè fún. Àwọn tí wọ́n ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Shakespeare ni ó wà lẹ́nu wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí rín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìdin wà nínú iyọ̀ tiwa náà. Bí mo bá ní "mo yá owó", ṣé èmi ni mo jẹ gbèsè ni, àbí èmi ni wọ́n jẹ? Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á. "Mo yá a lówó" ni ti ẹni tí ó lówó. "Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀" ni ti onígbèsè. "Lọ́wọ́" kékeré yẹn ni ó la àárín wọn. Àwọn Hausa aládùúgbò wa náà ní "bari". Èrò inú ọkọ̀ tí ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ yóò ní "bar ni in sauka", ẹ jẹ́ kí n sọ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìjàngbọ̀n yóò ní "ka bari!", jáwọ́! Ẹni tí ó bá dé Òkè Ọya láìpẹ́ yóò kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni.

Àwọn Lárúbáwá ní tiwọn kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìkà. Wọ́n ń pè wọ́n ní "aḍdād", ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn kọjú ìjà sí ara wọn. Ibn al-Anbārī, tí ó kú ní 940, ṣe odindi ìwé kan lórí wọn. Èyí tí ó kan ìdílé jù nínú wọn wà nínú Sūratul Baqarah, āyah 228, níbi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ dúró fún "qurūʾ" mẹ́ta kí ó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Nínú èdè Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ nǹkan oṣù, ó sì lè jẹ́ àkókò mímọ́ tí ó wà láàárín nǹkan oṣù kan àti òmíràn. Ìmọ́ ni Ìmáàmù Mālik àti Ìmáàmù Shāfiʿī mú. Nǹkan oṣù ni Ìmáàmù Abū Ḥanīfah mú. Ọjọ́ tí iddah obìnrin kan yóò parí lè yàtọ̀ nítorí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé gbangba ni àwọn onímọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà sí, wọ́n sọ ìtumọ̀ méjèèjì, oníkálukú sì mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá. Agbẹjọ́rò tí ó ń kọ "let" sínú ìwé àdéhùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí i nínú ìwé ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ rí i nínú ti ọ̀gá tirẹ̀, ó sì ṣe àdàkọ rẹ̀.

Àdàkọ náà ni ó gbé e dé inú ìwé ìrìnnà. Láyé àtijọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo tí aláṣẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ fún arìnrìn-àjò ni ìwé ìrìnnà. Ní 1920, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Paris, wọ́n fẹnu kò lórí irú ìwé kékeré alábala púpọ̀ tí a mọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ àtijọ́ kò kúrò nínú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn gba òmìnira, ọ̀pọ̀ pààrọ̀ orúkọ ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì mú ìyókù lọ bẹ́ẹ̀. Ààrẹ ni ó ń bẹ̀bẹ̀ nínú ti Nàìjíríà àti ti Íńdíà, "let" sì wà nínú méjèèjì. Ó wà nínú ti Ọsirélíà náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth kú ní 2022, wọ́n tún ìwé ìrìnnà tẹ̀ ní 2023 kí ó lè máa pe ọba dípò ọbabìnrin. Wọn kò fọwọ́ kan "let". Amẹ́ríkà, Kánádà àti New Zealand nìkan ni mo rí tí wọ́n yọ ọ́ kúrò. "Without delay or hindrance" ni tiwọn ń wí. Ẹ rántí gbòǹgbò rẹ̀ tí a wú lẹ́ẹ̀kan: "delay", ìdádúró, ni "let" jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, wọn kò pààrọ̀ ara rẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí Nàìjíríà náà yọ ọ́ bí? Ní ti ìwé ìrìnnà, n kò rí ìpalára tí ó ń ṣe. Bí àwọn aṣọ́bodè bá ń ka ìlà yẹn ni, ìlà tí a ń tò ní pápákọ̀ òfúrufú ì bá ti kúrú sí i. Ìwé àdéhùn ilé àti ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn, nítorí àwọn ènìyàn ń fi owó àti ọdún ayé wọn tì í. "Let" kò sì dá wà nínú wọn. Ẹ wo "quiet enjoyment" tí ó máa ń wà nítòsí rẹ̀. Mo mọ ayálégbé kan tí ó gbà pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun kò gbọdọ̀ ṣe ìsọmọlórúkọ nínú ilé nítorí ariwo, ó sì lọ yá gbọ̀ngán. Ìlérí onílé ni "quiet enjoyment" jẹ́, pé ayálégbé yóò lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilé náà láìsí ẹni tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu. Onílé tí ó yọ ilẹ̀kùn ayálégbé nítorí gbèsè oṣù méjì ni ó rú u, kì í ṣe ọmọ jòjòló tí ń sunkún.

Ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ fún agbẹjọ́rò kí ó tó tẹ ìwé pé kí ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ lónìí, kí ó sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan fún yín ní Yorùbá tàbí Hausa, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí níjòókòó. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni a ti ní òfin kan ní orílẹ̀-èdè yìí tí ó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tí ó bá kọ ìwé fún un gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka sí i, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sára ìwé náà. Ẹni tí ó kàwé jáde ní yunifásítì tí kò sì mọ "let" kò sí lábẹ́ agboòrùn òfin yẹn.

Ẹ̀gbọ́n "let" kan wà tí ó tún ṣòro jù ú lọ, "prevent", tí kò túmọ̀ sí kí a dènà nǹkan nígbà kan rí bí kò ṣe kí a ṣáájú ẹni. Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, òun ni a ó gbé yẹ̀ wò nínú àtẹ̀jáde tí ń bọ̀.